Ẹ̀yin tísà Abẹ́òkúta, báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní ọnà èdè tó fi ń yé wọn?

Tísà_Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ JSS 2 ní Yorùbá, wọ́n tún wá kó English mọ́ ọn fún mi torí tísà ò tó, ọ̀rọ̀ ọnà èdè yìí ló wá ń dà mí láàmú jù. Tí n bá dé kílàásì tí mo ní "kí ni àfiwé tààrà?", gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "àfiwé tààrà ni kí á fi nǹkan méjì wé ara wọn nípa lílo bí tàbí bíi", wọ́n ti há a sórí pátápátá. Àmọ́ tí n bá fún wọn ní àyọkà pé kí wọ́n wá ọnà èdè tó wà níbẹ̀ jáde, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti rí "bí" ni wọn á máa fa ìlà sí nídìí. Ẹnì kan fa ìlà sí "bí òjò bá dá a máa lọ sí Kútọ̀", ó kọ àfiwé tààrà síwájú ẹ̀. Ẹlòmíì fà á sí "ìyá mi bí ìbejì". Wọn ò ya ọ̀lẹ o, ọmọ dáadáa ni wọ́n, ohun tí ìtumọ̀ tí wọ́n há sórí ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe. Tó bá wá kan àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, tá a fi nǹkan wé nǹkan láì lo "bí", àti ìfohunpènìyàn, tá a sọ ohun tí kì í ṣe èèyàn bí ẹni pé èèyàn ni, wọ́n kàn ń méfò ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́, ibo lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí lẹ sì máa ń lò? Kílàásì mi kún gan-an, kò sí pírójẹ́kítọ̀, bọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì nìkan la ní.

Ẹ̀gbọ́n_Aké

Ẹ ǹlẹ́ o, Tísà. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ Yorùbá ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn nílùú yìí, ohun tí mo máa sọ fún yín ni pé kẹ́ ẹ gbé orúkọ ọnà èdè yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Orúkọ ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ọmọ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fún ní orúkọ, orúkọ yẹn láá máa wá kiri nínú àyọkà, etí ẹ̀ ò ní sí lọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ gbólóhùn méjì sójú bọ́ọ̀dù. "Ọmọkùnrin náà sáré gan-an." "Ọmọkùnrin náà sáré bí ẹni tí oyin ń lé." Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan. Ẹ kàn bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì ni wọ́n fojú inú rí, kí sì ni wọ́n rí níbẹ̀. Wọn á ní àwọn rí i tó ń ju ọwọ́ kiri, tó ń wẹ̀yìn, tó ń pariwo, tí bàtà ẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti yọ. Ẹ ò kọ ìkankan nínú ẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù, oyin yẹn ló kó gbogbo ẹ̀ wá. Ìgbà yẹn lẹ máa wá bi wọ́n pé kí là ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, kí la gbé tì í, ibo ni wọ́n ti jọra. Ẹ pín bọ́ọ̀dù sọ́nà mẹ́ta fún un kí wọ́n máa jáde wá kọ ọ́ síbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti jọra yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà, ẹ má sáré kọjá níbẹ̀. Ẹ mú "ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́". Ọ̀rọ̀ ẹnu là ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹyin la gbé tì í. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti jọra, ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi, òmíì á ní torí pé ẹyin funfun, òmíì á ní torí pé ẹyin ń ṣe róbótó, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á láàárín ara wọn títí ẹnì kan á fi sọ pé tó bá ti bọ́ kò ṣeé kó jọ mọ́. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ti yé ọmọ tó sọ ìyẹn, bí ò tiẹ̀ tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ẹ wá bi wọ́n níbi tí wọn ò ti jọra náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ pé ẹni tó ń fi nǹkan wé nǹkan ń ṣa ibì kan mú ni.

Lẹ́yìn gbogbo èyí kẹ́ ẹ tó sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ti ń ṣe látàárọ̀ yìí, orúkọ ẹ̀ rèé.

Tísà_Láfẹ́nwá

Òótọ́ lẹ sọ, Ẹ̀gbọ́n. English ni mo ń kọ́ ní tèmi, ti "bí" tí Tísà Ìbarà sọ yẹn náà ló ń ṣe wá, "like" ni tiwa, ọmọ á fa ìlà sídìí "I like rice" á ní simile ni. Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kó oríṣiríṣi "bí" jọ sójú kan kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn yà wọ́n sọ́tọ̀. "Bí òjò bá rọ̀", "bí mo ṣe ń wọlé ló ń jáde", "ó bí ọmọ", "n ò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é", "ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú". Èyí tó bá ní "bá" lẹ́yìn, ẹ ní kí wọ́n fi "tí" rọ́pò ẹ̀, tó bá gbà á, "tí òjò bá rọ̀", kò sí àfiwé níbẹ̀, wọ́n ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni. Àwọn ọmọ fẹ́ràn irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ torí wọ́n lè dá a ṣe láì bi ẹnikẹ́ni.

Èyí tó tún le jùyẹn lọ ni pé kì í ṣe gbogbo ibi téèyàn bá ti fi nǹkan wé nǹkan ni ọnà èdè wà. "Táíwò ga bíi Kẹ́hìndé", ẹ mú téèpù ẹ wọn àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sí ọnà kankan níbẹ̀. "Táíwò ga bí ọ̀pẹ", a ti kúrò lọ́dọ̀ èèyàn lọ bá igi, a mọ̀ pé kò ga tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn lọnà èdè. Bákan náà ni "she looks like her mother" kì í ṣe simile, àmọ́ "she eats like a bird" ni. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé nǹkan méjèèjì ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀wọ́ kan náà, ìdajì wàhálà yẹn ti tán.

Ẹ̀bẹ̀ kan tí mo tún fẹ́ bẹ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ English ni pé kẹ́ ẹ dín "as white as snow" kù. Ta ló rí yìnyín orí ilẹ̀ rí nínú wọn? Ọmọ á há a sórí, á kọ ọ́ sínú ìdánwò, kò ní rí nǹkan kan lójú inú ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tójú wọn ti tó, tó bá yá ẹ lè wá gbé ti òyìnbó lé e.

Àǹtí_Láíbìrì

Ẹ káàsán gbogbo yín. Ó yà mí lẹ́nu pé a ti sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ àlọ́ àpamọ̀. Ẹ̀yin tísà wa, kí ni àlọ́ àpamọ̀ bí kì í bá ṣe àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ tí wọ́n gbé ìdajì ẹ̀ pamọ́? Wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi wé e fún ẹ, wọ́n ní kó o lọ wá ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Òpó mẹ́ta tí Ẹ̀gbọ́n ní ká yà sójú bọ́ọ̀dù yẹn, àlọ́ ti kún ọ̀kan fún wa, àwọn ọmọ á wá kún ìyókù.

Ẹ gbọ́ èyí. "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọrogùn ni. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò tíì dúró ti ìyá ẹ̀ níbi tó ti ń ro àmàlà láfún? Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ o, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ òkun. Wọ́n á ní torí pé omi orí iná ń ru sókè bí omi òkun, ẹ ti rí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Ṣé ìkòkò wá tóbi tó òkun ni? Rárá, wọ́n bù mọ́ ọn ni, wọ́n sọ ọ́ di ńlá, ẹ ti rí àsọrégèé. Kí ló dé tí wọ́n fi pè é ní ọmọ? Igi ni ọmọrogùn, igi kì í ti orí bọ nǹkan fúnra ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di èèyàn ni, ẹ ti rí ìfohunpènìyàn. Kí ló dé tí wọ́n fi ní ọmọ burúkú? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dá èyí sọ, wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n, torí ọmọ tó gbọ́ràn ò ní lọ ti orí bọ omi gbígbóná. Gbólóhùn kan péré nìyẹn o, mẹ́ta ló ti jáde níbẹ̀.

Tàbí "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò". Ẹ̀wà ni, ojú dúdú tó wà lára ẹ̀ ni tìróò. Mo ti rí ọmọ tí kò tíì fìgbà kan wo ẹ̀wà dáadáa, tó lọ sílé lọ ṣa ẹ̀wà, tó padà wá sọ fún mi pé "Àǹtí, òótọ́ ni, gbogbo wọn ló lé e". Ohun tí mo fẹ́ kí ọnà èdè ṣe fún ọmọ nìyẹn, kó jẹ́ kó fojú tuntun wo ohun tó ti ń jẹ láti kékeré.

Tí wọ́n bá ti pa tàwọn bàbá wa tán, ẹ ní kí wọ́n hun tiwọn. Ẹ fún wọn lóhun tó wà láyìíká wọn, fóònù, kẹ̀kẹ́ márúwá, sọ́láà, jẹnẹrétọ̀. Òfin kan ṣoṣo tí mo máa ń fún wọn ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tó ń ṣe gbangba. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "Adití kan ń gbé nílé wa, epo ló ń mu, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ohùn ẹ̀, òun ò gbọ́ tẹnì kankan". Jẹnẹrétọ̀! Ọmọ JSS 1 ló hun ún. Ẹ wo "adití" yẹn dáadáa, ó ṣa ibi tí wọ́n ti jọra mú láì sí ẹni tó kọ́ ọ.

Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kílàásì tó kún gan-an ló dùn jù fún un, ẹ pín wọn sọ́nà ìjókòó, ìlà kan á pa á, ìlà kejì á mọ̀ ọ́n.

Ìyá_Ìbejì_Àdátán

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo dá sí i, mi ò kì í ṣe tísà, òbí lásán ni mí. Àwọn ọmọ mi wà ní JSS 1, English ni wọ́n ń sọ níléèwé, English náà ni wọ́n ń fi dá mi lóhùn nílé bí mo bá tiẹ̀ sọ Yorùbá sí wọn. Tí wọ́n bá wá gbé àsáínmẹ́ǹtì ọnà èdè wálé, ojú mi á kàn máa wò wọ́n ni torí wọn ò mọ òwe kan, wọn ò mọ àkànlò èdè kan, mo ní "ọmọ yẹn ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ", wọ́n ń bi mí pé kí ló fẹ́. Ṣé kò tíì pẹ́ jù? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àǹtí_Láíbìrì

Màmá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Kò tíì pẹ́ rárá, ọmọ JSS 1 ṣì kéré. Ìbéèrè tí wọ́n bi yín yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tó béèrè pé kí ló fẹ́ ti rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ò lọ tààrà. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ ẹ má sáré sọ ìtumọ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kó méfò. "Ẹsẹ̀ la fi ń ṣe kí ni? Ẹni tó fẹ́ afẹ́fẹ́ lulẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀, báwo ló ṣe ń lọ?" Á gbé e débẹ̀.

Òwe náà, ẹ má jókòó kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ ABD, ẹ jẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ nílé kẹ́ ẹ tó pa á, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n pé kí ló dé tí mo fi pa òwe yìí báyìí. Ẹ sì má fojú kéré English àti Píjìn tó wà lẹ́nu wọn. Ọmọ tó bá mọ "body no be firewood" ti mọ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ẹ bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe òkúta, tó jẹ́ firewood, kó ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ wá gbé ti Yorùbá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Àdátán

Ẹ ṣeun gan-an mà. Mo máa fi òkun àti ọ̀sà yẹn bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní torí àmàlà náà la fẹ́ jẹ.

Kọ́pà_ÌdíÀbà

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà. Ọmọ Kwara ni mí, mo ń sin ìjọba níbí, English àti Social Studies ni wọ́n fún mi. Mo lo òkè Olúmọ fún ìfohunpènìyàn, ó ṣiṣẹ́ débi pé mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. A kọ́kọ́ kó ohun tí òkè yẹn ti fojú rí jọ sójú bọ́ọ̀dù. Àwọn Ẹ̀gbá dé síbẹ̀ ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn, wọ́n sá sábẹ́ òkúta torí ogun. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wá ja ìlú ní 1851, àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ní 1859 Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá ní ìlú yìí kan náà. Odò Ògùn ń ṣàn kọjá lójú ẹ̀ lójoojúmọ́. Mo wá ní kí wọ́n jẹ́ kí Olúmọ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.

Níbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ kàn jẹ́ ìtàn tí wọ́n fi "èmi" sí níwájú, "èmi Olúmọ, àwọn Ẹ̀gbá dé ní 1830", kò tíì di èèyàn. Mo wá ní kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ohun kan tí èèyàn nìkan ń ṣe, kó mí kanlẹ̀, kó dijú, kó na ọwọ́, kó jowú, kó ṣọ́ ẹni tó ń sùn. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yí padà. Ọ̀kan kọ ọ́ pé "wọ́n dé tẹkún-tẹkún, mo ṣí apá mi, mo ní ẹ wọlé wá, mi ò sùn lọ́jọ́ náà". Mo kà á sókè fún wọn, kílàásì pa lọ́lọ́.

Ìbéèrè tèmi ni pé ọmọ kan bi mí bóyá "ebi ń pa mí" jẹ́ ìfohunpènìyàn, torí ebi kì í ṣe èèyàn tó lè pa ẹnikẹ́ni. Ẹnu mi wọhò. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ̀gbọ́n_Aké

Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, ìbéèrè àgbà ló béèrè. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n wò ó bóyá ọ̀nà míì tó ṣe tààrà wà láti gbà sọ ọ́. Tí ebi bá ń pa ẹ́ lónìí, kí lo tún lè sọ ní Yorùbá yàtọ̀ sí "ebi ń pa mí"? Kò sí. Ó ti di ọ̀rọ̀ tààrà tí gbogbo wa ń lò láì ronú sí i, ó lè jẹ́ pé àwòrán wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, àmọ́ ẹni tó ń sọ ọ́ báyìí ò ya àwòrán kankan, oúnjẹ ló ń wá. "Òùngbẹ ń gbẹ mí" àti "ojú ń tì mí" wà lọ́wọ̀ọ́ kan náà. Àmọ́ tí ọmọ bá kọ ọ́ pé "ebi wọlé wá bá wa, ó fa àga, ó jókòó, ó ní òun ò lọ mọ́", ìyẹn ti yàtọ̀ pátápátá, ó ní ọ̀nà tààrà tó lè gbà sọ ọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ yan èyí. Ẹ fún un ní máàkì ẹ̀ kó pé.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òwe kún un torí ó máa ń dà wọ́n rú. Tí ìbéèrè bá ní ọnà èdè wo ló wà nínú gbólóhùn yìí, wọ́n á kọ "òwe" sílẹ̀ wọ́n á lọ. Òwe ni lóòótọ́, àmọ́ kí ló wà nínú òwe náà? "Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa." Òjò ń yan ọ̀rẹ́, òjò ń ríran, ìfohunpènìyàn ló wà nínú ẹ̀. "Ẹyin lohùn" tá a sọ lókè, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ máa ní kí wọ́n ṣí òwe kí wọ́n wo inú ẹ̀.

ỌmọAláró_Ìtòkú

Mo ń ka gbogbo ẹ̀ láti orí ìsọ̀ mi, ẹ kú làákàyè o. Èmi ò mọ orúkọ tí ẹ̀yin tísà ń pè é, àmọ́ ẹ kó àwọn ọmọ wá sí Ìtòkú lọ́jọ́ kan kí wọ́n wo adìrẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi Ìbàdàndùn hàn wọ́n, adìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ẹni tó ya àrà yẹn fẹ́ sọ̀rọ̀ Ìbàdàn, kò ya gbogbo ilé Ìbàdàn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó ló yà sára aṣọ, ẹni tó bá ti rí òpó yẹn ti mọ ìlú tí wọ́n ń wí. Ẹ bi àwọn ọmọ pé tí wọ́n bá ní kí wọ́n ya Abẹ́òkúta sórí aṣọ, kí ni wọ́n máa yà, kí ló sì dé tó jẹ́ òun. Ọmọ tèmi ní láfún ni, kì í ṣe òkè, ó ní òkè wà níbi púpọ̀.

Tísà_Òkè_Ìléwó

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan, JSS 3 ni mò ń kọ́, BECE, ìdánwò àṣejáde JSS, ń bọ̀. Ìbéèrè ọ́bújẹ́kítíìfù ò ní bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti jọra, orúkọ ló máa béèrè. Ọmọ tó gbádùn àlọ́ títí tí kò mọ̀yàtọ̀ láàárín àfiwé tààrà àti ẹlẹ́lọ̀ọ́ lórúkọ máa pàdánù máàkì. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ pẹ́ jù kó tó dé.

Nǹkan méjì ló ń da orúkọ rú mọ́ wọn lójú. Ìwé kan á pè é ní àsọrégèé, òmíì á ní àsọdùn, ẹ sọ fún wọn pé nǹkan kan náà ni kí wọ́n má lọ rò pé méjì ni. Èkejì, ohun tí wọ́n kọ́ ní English ní àárọ̀, wọn kì í mọ̀ pé òun náà ni wọ́n tún ń kọ́ ní Yorùbá lọ́sàn-án. Mo ya òpó méjì sára ògiri, metaphor àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ń wora wọn, personification àti ìfohunpènìyàn ń wora wọn, hyperbole àti àsọrégèé. Ẹ̀yin tísà méjèèjì ẹ pàdé kẹ́ ẹ sì fètò sí i kẹ́ ẹ jọ kọ́ ọ lọ́sẹ̀ kan náà, tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń kọ́ méjèèjì bíi ti Tísà Ìbarà, ó tún rọrùn sí i.

Fún orúkọ, páálí ni mò ń lò. Mo gé páálí ìńdómì, mo kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sára ẹ̀, mo pín in fún wọn, wọ́n á gbé e lọ sídìí orúkọ tí wọ́n rò pé ó jẹ́. Ẹni tó bá gbé tiẹ̀ lọ síbì kan gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Tí kò bá rí ìdí sọ, á gbé páálí ẹ̀ padà.

Ẹ̀gbọ́n_Aké

Ẹ ò jẹ̀bi rárá, Tísà. Kó má pẹ́ jù lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan náà ló yẹ kí méjèèjì parí, kí gbígbọ́ ṣíwájú, kí orúkọ tẹ̀ lé e, kí páálí yín sì gbẹ̀yìn. Ibi tẹ́ ẹ ní kí wọ́n sọ ìdí yẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Tísà_Láfẹ́nwá

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ má gbàgbé ìró o. Ọmọ tí gbogbo nǹkan ti sú, ìró ló máa jí i. Ẹ pe "ròbòtò" kẹ́ ẹ wá pe "róbótó", ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ júwe bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, gbogbo kílàásì á na ọwọ́ gbòòrò fún ti àkọ́kọ́, wọ́n á sún un pọ̀ fún ìkejì, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ gbé ńlá wá, ohùn òkè gbé kékeré wá. Ẹ wá ní kí wọ́n ka "ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ló lọ́pọlọ ju ọ̀pọ̀lọ́ lọ", kí wọ́n kà á kíá-kíá, lẹ́yìn ẹ̀rín ẹ kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù kí wọ́n fi àmì ohùn sí i. Ìfọ̀rọ̀dárà ti yé wọn nìyẹn, mo máa ń tibẹ̀ wọ alliteration ní English.

Tísà_Ìbarà

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti lo àlọ́ pẹ̀lú òpó mẹ́ta Ẹ̀gbọ́n, mo sì ní kí wọ́n kọ tiwọn wá láti ilé. Ẹ wo díẹ̀ nínú ẹ̀:

"Kẹ̀kẹ́ márúwá tí mo wọ̀ lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ ń wúkọ́ lójú ọ̀nà, ó ní kí a jẹ́ kí òun sinmi."

"Kìnnìún ni bọ̀ọ̀dá mi tó bá ku àwa nìkan nílé, ológbò ni tí dádì bá ti dé."

"Òjò ń lu pánù ilé wa bí ẹni ń lu gángan níbi ìyàwó."

Ẹ ò rí i pé kò sí ẹni tó fa ìlà sídìí "bí" kiri mọ́! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí n ò mọ bí mo ṣe máa máàkì ẹ̀. Ọmọbìnrin kan kọ "ìyá mi ni òkè Olúmọ". Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń sọ pé ìyá ẹ̀ sanra, ojú ti ọmọ náà, ó jókòó. Nígbà tí mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó ní ohun tí òun ní lọ́kàn ni pé tí wàhálà bá dé, abẹ́ ìyá òun ni gbogbo àwọn ń sá sí. Ọnà èdè ẹ̀ dára, àmọ́ ẹni tó kà á ò rí ibi tí wọ́n ti jọra. Ṣé kí n fún un ní máàkì tó pé ni àbí kí n yọ díẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Aké

Ẹ má yọ nǹkan kan nínú ti àfiwé, ó ṣe ìyẹn. Ẹ dá ìwé ẹ̀ padà fún un kó kọ gbólóhùn kan sí i lẹ́yìn, ohun tó sọ fún yín ní ẹ̀gbẹ́ kan yẹn gan-an: "Ìyá mi ni òkè Olúmọ, tí ọ̀rọ̀ bá le abẹ́ ẹ̀ ni gbogbo wa ń sá sí." Kó wá kà á fún kílàásì. Àwọn tó rẹ́rìn-ín máa gbọ́ ọ, wọ́n á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sísanra yẹn, àwọn ló gbé e wá, kò sí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Látòní lọ tẹ́ ẹ bá ń máàkì, ẹ fún orúkọ ní ẹyọ kan, ẹ fún gbólóhùn ní méjì, ẹ fún ibi tí wọ́n ti jọra ní méjì, gbogbo ẹ̀ jẹ́ márùn-ún. Wọ́n á tètè mọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fi agbára sí.

Kọ́pà_ÌdíÀbà

Ẹ ṣé gan-an, sà. Àǹtí Láíbìrì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní àlọ́ méjì sí i fún JSS 1 lọ́jọ́ Ajé, èyí tí ò le jù.

Àǹtí_Láíbìrì

Ẹ fi "Gbogbo ilé sùn, Káńbó ò sùn" bẹ̀rẹ̀, imú ni, ìfohunpènìyàn ló wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí imú ara wọn tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pa "Àwẹ́ obì kan, à jẹ dọ́yọ̀ọ́", ahọ́n ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ibi tí àwẹ́ obì àti ahọ́n ti jọra kí wọ́n tó sọ ti Ọ̀yọ́. Tẹ́ ẹ bá wá sí láíbìrì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ìwé àlọ́ kan wà tí mo lè yá yín.